Màmá, Ìbéèrè Kékeré Kan Ni

Láti yàrá ẹ̀yìn, níbi tí bẹ́ẹ̀dì rẹ wà tẹ́lẹ̀.

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo sì lérò pé ara rẹ le, pé ikọ́ tó ń yọ ọ́ lẹ́nu lóṣù tó kọjá ti bá tirẹ̀ lọ, àti pé o ń rí oorun sùn dáadáa. Tí o bá béèrè wa, àlàáfíà ni a wà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá rẹ tó wú ti rọlẹ̀. N ó ṣàlàyé ìyẹn tí mo bá dé ibẹ̀. Àǹtí rẹ aránṣọ ní kí n bá òun kí ọ, pé aṣọ tí òun ń rán fún ọ ku apá kan.

Mo rí iṣẹ́ tí o rán sórí fóònù mi, pé ní ìparí oṣù yìí o fẹ́ kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ níléeṣẹ́ tí ẹ ti ń kọ́ afárá, kí o lè lọ bá àfẹ́sọ́nà rẹ di alábàáṣiṣẹ́ nínú iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀. O ní kí n súre fún yín. N kò tíì súre. Lẹ́tà ni mo jókòó kọ, nítorí pé lórí fóònù, n kì í tíì sọ gbólóhùn kejì tán tí wàá ti ní, "Màámi, ẹ fi sílẹ̀, ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà òde òní ti yàtọ̀." Lẹ́tà kò ṣeé já lẹ́nu. Wá ibì kan jókòó sí, kí o kà á dé òpin.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí ẹ̀yin méjèèjì ń pè ní ìṣeré Màmá. O mọ̀ pé níléeṣẹ́ omi tí mo ti fẹ̀yìn tì, èmi ni mò ń bójú tó àwọn kọ̀ǹpútà tó ń ṣe ìṣirò omi gbogbo àdúgbò. Nígbà tí mo padà sílé, ọwọ́ mi kò mọ ibi tí yóò wà. Ìgbà náà ni mo gbọ́ pé iléeṣẹ́ tó ń ṣe irú Línúsì, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, tí a ń lò níbi iṣẹ́, Línúsì àwọn ńlá, èyí tí báńkì àti ọsibítù ń san owó gọbọi lé lórí lọ́dọọdún, ń fún àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n lè máa lò ó nílé, kí wọ́n máa fi kọ́ṣẹ́. Kì í ṣe àdàkọ rẹ̀ o, òun gan-an ni. Ohun tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ mi kò ju pé kí n fi orúkọ ara mi gbà á, kí n lò ó fún ara mi, kí n sì máa padà wá lọ́dọọdún láti sọ pé mo ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n tún wá fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ pé tó bá bàjẹ́, kò sí ẹni tí mo lè pè, èmi fúnra mi ni n ó tún un ṣe. Mo fẹ́ràn gbólóhùn yẹn. Ó dà bí ohun tí ìyá mi ì bá sọ.

Kọ̀ǹpútà àlòkù méjì ni mo gbé sórí tábìlì ìlọṣọ. Orí wọn ni mo ti ń kọ ètò kan fún àǹtí rẹ, tí yóò máa tọ́jú ìwọ̀n aṣọ àwọn oníbàárà rẹ̀, kó má baà máa fi ìbàdí èṣí rán aṣọ ọdún yìí. Kò tíì gbà á gbọ́. Ó ní, "Ìbàdí àwọn oníbàárà mi kì í dúró sójú kan, kí kọ̀ǹpútà rẹ má wá sọ mí di onírọ́." Ṣùgbọ́n ó ń wá wò ó lójoojúmọ́, ó sì ń jẹ gbogbo bisikíìtì mi tán níbẹ̀.

Inú yàrá yìí náà ni o mú àfẹ́sọ́nà rẹ, Ọ̀gá Pátápátá, wọ̀ nígbà àkọ́kọ́ tó wá kí wa. Àǹtí rẹ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, kò sì jẹ̀bi, nítorí ohun tó wà lára káàdì tí ọkùnrin náà nà sí i nìyẹn: òun ni ọ̀gá pátápátá iléeṣẹ́. Nígbà tí àǹtí rẹ bi í pé àwọn òṣìṣẹ́ tó kù ńkọ́, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní iléeṣẹ́ òun kò wúwo. Kò wúwo lóòótọ́. Òun, fóònù rẹ̀, àti bàtà ẹlẹ́nu ṣóńṣó tó wọ̀, gbogbo iléeṣẹ́ náà ló wọ pálọ̀ wa lọ́jọ́ yẹn, síbẹ̀ àga ṣẹ́ kù.

Ó fi ìka kan ṣoṣo tẹ kíbọ́ọ̀dù mi, bí ẹni tó ń wò ó bóyá áyọ́ọ̀nù ti gbóná. Ó ní, "Ọ̀fẹ́ kẹ̀, Màmá? Àwọn oníbàárà tèmi kì í fọwọ́ kan ohun ọ̀fẹ́. Ohun tí èèyàn ò bá sanwó fún, eré ọmọdé ni." O rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, nítorí àlejò ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí o lọ bá bàbá rẹ ní ilé ìdáná, ó rọra padà wá sẹ́nu ọ̀nà, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Màmá, ìbéèrè kékeré kan ni. Báwo ni wọ́n ṣe ń gba nǹkan yẹn?" Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un, inú mi tilẹ̀ dùn.

Láti ìgbà náà ni fóònù mi kò ti sinmi mọ́. "Màmá, ìbéèrè kékeré kan ni. Tí dísìkì bá kún, kí ni wọ́n kọ́kọ́ ń pa rẹ́?" "Màmá, ìbéèrè kékeré kan ni. Tí pásíwọ́ọ̀dù ọ̀gá bá sọnù, báwo ni wọ́n ṣe ń gba ẹ̀yìn wọlé?" Ìbéèrè náà kì í kéré rí. Tí ọṣẹ bá wà lọ́wọ́ mi, màá nu ọwọ́, màá dá a lóhùn. Mo sọ fún bàbá rẹ pé ọmọ yìí bọ̀wọ̀ fágbà, ó sì fẹ́ mọṣẹ́. Bàbá rẹ ní, "Ẹni tó fẹ́ mọṣẹ́ kì í béèrè nǹkan kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta." Mo ní kó gbẹ́nu dákẹ́. Bàbá rẹ kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, bóyá ìdí nìyẹn tí kì í fi sábà ṣì í sọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá ni eyín bẹ̀rẹ̀ sí í dá bàbá rẹ lóró. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti wú bí ẹni tó fi bọ́ọ̀lù pamọ́ sẹ́nu. A gba ilé ìtọ́jú eyín tó wà lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́ lọ. Àga kún. Gbogbo wọn di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, wọ́n dijú. Ọmọbìnrin tó ń gba àwọn èèyàn sílẹ̀ dá wa dúró, ó ní, "Ẹ má bínú o. Kọ̀ǹpútà wa ló kọṣẹ́, Dókítà ò lè rí àwòrán eyín ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ má dààmú, a ti pe àwọn ògbógi wa."

A jókòó. Kò pẹ́ tí fóònù mi fi dún nínú báàgì. Òun ni. "Màmá, ẹ káàsán o. Ìbéèrè kékeré kan ni. Tí kọ̀ǹpútà bá kọ̀ tí kò dìde, tó ń sọ pé òun ò rí dísìkì kejì, kí ni èèyàn lè ṣe sí i?" Mo fi ọwọ́ bo ẹnu, nítorí ibi tí a wà, mo ní, "Wo okùn ẹ̀yìn rẹ̀ ná kí o tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Okùn ló máa ń jẹ̀bi. Tí okùn bá dára, sọ fún un pé kó fo dísìkì yẹn, kó dìde láìsí i." Ó dúpẹ́, ó ní ẹ̀kọ́ kì í tán, ó sì pa fóònù.

N kò tíì dá fóònù padà sínú báàgì tí fóònù ilé ìtọ́jú náà fi dún. Ọmọbìnrin yẹn gbé e, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún ohun tó ń gbọ́ sọ kó má baà gbàgbé. "Ẹ̀n-ẹ́n. Kí n wo okùn ẹ̀yìn rẹ̀ ná kí n tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Okùn ló máa ń jẹ̀bi. Ẹ̀n-ẹ́n." Ọ̀rọ̀ mi ni, ọ̀kan kò bọ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀. Ó wá fi ọwọ́ bo ẹnu fóònù, ó yíjú sí mi, ó ní, "Màmá, àwọn ògbógi iléeṣẹ́ ńlá ló ń ti ẹ̀yìn bá ẹni tó ń ṣe é fún wa sọ̀rọ̀. Ìdí tí owó wọn fi wọ́n nìyẹn."

Bàbá rẹ kò lè la ẹnu. Ó wo fóònù ọwọ́ mi, ó wo fóònù ọwọ́ ọmọbìnrin náà, ó sì tún wò mí. Gbogbo ohun tí eyín kò jẹ́ kó sọ ló wà lójú rẹ̀.

Ọmọ mi, mo ti rí olè rí. Àwọn kan wá gé wáyà níléeṣẹ́ omi, àwọn kan gbé ẹ̀rọ tó ń fa omi lọ tòun ti ìdè rẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn yẹn ju Ọ̀gá Pátápátá lọ, nítorí ẹrù wúwo ni wọ́n gbé, wọ́n sì làágùn. Eléyìí kò gbé nǹkan kan. Ohun tí wọ́n fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ ló kó lọ tà fún oníṣègùn eyín, tí kò sì sọ fún un pé kò sí olùrànlọ́wọ́ kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ó wá fi ẹnu ìyá àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ṣe olùrànlọ́wọ́. Ohun ọ̀fẹ́ méjì ló so pọ̀ tó pè ní iléeṣẹ́, òun náà ló sì wá jókòó nílé mi tó ń fi ọ̀fẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹnu dùn ún ròfọ́. Tí mo bá ń rántí bó ṣe ń sọ pé ẹ̀kọ́ kì í tán, mo máa ń yínmú níbi tí mo bá wà, àǹtí rẹ sì ti ń bi mí bóyá imú ló ń yún mi.

Ọmọbìnrin náà wo okùn títí, kọ̀ǹpútà kò dìde. Àwọn tí eyín ń dùn ń kérora. N kò lè máa wò ó níran. Mo lọ bá Dókítà, ọkùnrin kan tó ti rẹ̀, tó fa ìbòmú sísàlẹ̀ àgbọ̀n, mo ní kó jẹ́ kí n fojú kàn án. Ó ní, "Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n, Màmá?" Mo ní díẹ̀díẹ̀. Okùn náà ni lóòótọ́. Wọ́n tì í bọ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà náà, ṣùgbọ́n kò wọlé tán. Mo fọn eruku rẹ̀, mo tì í wọlé, ó sì dìde.

Mo wá fẹ́ mọ orúkọ ta ni ọkùnrin yìí fi gba Línúsì ibẹ̀. Ó dá mi lójú pé orúkọ tèmi ni. Mo tilẹ̀ ti ń to èébú sílẹ̀ lọ́kàn. Kọ̀ǹpútà Línúsì máa ń rántí àṣẹ tí èèyàn bá tẹ̀ fún un, ẹni tó bá mọṣẹ́ sì máa ń gbá ipasẹ̀ rẹ̀ kó tó jáde. Ọ̀gá Pátápátá kò gbá nǹkan kan. Mo yí àkọsílẹ̀ àwọn àṣẹ náà sẹ́yìn, mo rí ìlà tó fi forúkọ kọ̀ǹpútà náà sílẹ̀. Ímeèlì rẹ ló wà níbẹ̀, ọmọ mi. Pásíwọ́ọ̀dù rẹ tẹ̀lé e gedegbe, níbi tí ẹnikẹ́ni tó bá jókòó sórí àga yẹn ti lè kà á. Orúkọ ológbò tí o ní nígbà tí o wà ní kékeré ni, èyí tí o máa ń gbé sùn tí mo fi ń bá ọ jà.

Mo pa ìlà náà rẹ́ kí ẹlòmíràn tó kà á. Orúkọ rẹ ló fi ṣèlérí pé ilé ni wọ́n ti ń lo nǹkan náà, fún ẹ̀kọ́. Orúkọ rẹ ni yóò jáde lọ́jọ́ tí àwọn tó ni ín bá béèrè, tàbí tí àwòrán eyín àwọn aláìsàn bá ṣègbé. Orúkọ tirẹ̀ kò sí níbì kankan àfi lára káàdì. Nígbà tí Dókítà yọ eyín bàbá rẹ tán, mo sọ fún un pé kó pe iléeṣẹ́ tó ni Línúsì náà fúnra rẹ̀, kó gbà á lórúkọ ilé ìtọ́jú rẹ̀, nítorí pé kò sí iléeṣẹ́ ńlá kankan lẹ́yìn ẹni tó ń bá a ṣiṣẹ́. N kò dárúkọ rẹ fún un. Ó wò mí títí, ó ní, "Ta wá ni àwọn ògbógi tó máa ń bá a sọ̀rọ̀?" Mo ní, "Èmi ni."

Ní ọjọ́ Àìkú, Ọ̀gá Pátápátá gbé èso wá kí bàbá rẹ. Mo bi í léèrè lójú bàbá rẹ. Kò tilẹ̀ jiyàn. Ó ní, "Màmá, gbogbo ayé ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ta ló ń ka àdéhùn?" Mo ní kí ló dé tí kò fi orúkọ ara rẹ̀ ṣe é. Ó ní wọn kì í fi orúkọ ọ̀gá sídìí irú nǹkan kékeré bẹ́ẹ̀. Ó wá sọ èyí tó wọ̀ mí lára. Ó ní o mọ̀ sí i. Ó ní ìwọ lo fún òun ní pásíwọ́ọ̀dù náà, pé ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ń ṣe é. Mo pòṣé, mo ní irọ́ ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n bi ọ́.

Mo bi ọ́. Mo kọ ọ́ sórí fóònù pé, "Kọ̀ǹpútà ilé ìtọ́jú eyín, ṣé orúkọ rẹ ló yẹ kó wà lára rẹ̀?" Fóònù mi fi hàn mí pé o ti kà á. O kò dáhùn. O kò dáhùn lọ́jọ́ kejì náà. Láti ìgbà yẹn ni oúnjẹ kò ti lọ lẹ́nu mi mọ́, ohun tó sì jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí gan-an nìyẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ti ọlọ́jà òfìfo yẹn. Mo lè fara da kí ọkùnrin kan fi mí ṣe òmùgọ̀. N kò lè fara da kó jẹ́ pé ìwọ lo bá a mú mi dání.

Mo rántí ìgbà tí ọ̀gá rẹ fẹ́ kí o fọwọ́ sí àwòrán afárá kan tí ẹlòmíràn wọ̀n. O kọ̀. Wọ́n bínú sí ọ, wọ́n gbé tábìlì rẹ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. O wá sílé, o ní, "Màámi, tí mo bá ti lè fọwọ́ sí i, èmi ni afárá náà. Tó bá wó, èmi ni mo wó." Bàbá rẹ jáde lọ síta lọ nu ojú. Ọmọ yẹn ni mo bí. Iṣẹ́ yẹn ni o fẹ́ fi sílẹ̀ nítorí ọkùnrin tí kò lè fi orúkọ ara rẹ̀ sídìí okùn kọ̀ǹpútà.

Tó bá jẹ́ pé o mọ̀ sí i, fi ẹnu ara rẹ sọ fún mi. N kò ní kọ̀ ọ́ lọ́mọ, ṣùgbọ́n ìre tí o ń béèrè kò sí lẹ́nu mi. Tí o kò bá mọ̀, tó jẹ́ pé ṣe ló wò ó lọ́wọ́ rẹ, tàbí tí o sọ ọ́ fún un nínú ìfẹ́, kí o tó sunkún, kí o tó pè mí, kí o tó pè é, kọ́kọ́ yí pásíwọ́ọ̀dù yẹn padà, kí o sì yọ gbogbo kọ̀ǹpútà tó so mọ́ orúkọ rẹ kúrò. Lẹ́yìn náà, mú ìwé tí o fẹ́ fi kọ iṣẹ́ sílẹ̀, kí o fà á ya.

Kí Ọlọ́run bá mi ṣọ́ ọ. Kí orúkọ tí bàbá rẹ sọ ọ́ má di ẹrù tí ẹlòmíràn ń tà kiri. Kí afárá tí o bá fọwọ́ sí má wó, kí àwọn tó ń gba orí rẹ̀ kọjá délé láyọ̀. Kí ẹni tí yóò fẹ́ ọ jẹ́ ẹni tó ní orúkọ tirẹ̀.

Èmi ni ìyá rẹ, tí kì í ṣe ògbógi iléeṣẹ́ ńlá kankan.

Mo tún rántí: rárá, n kò gbàgbé nǹkan kan, ohun tó ṣẹlẹ̀ ni. Mo ti lẹ àpòòwé pa kí n tó tún fà á ya, nítorí fóònù dún. Lẹ́yìn gbogbo ohun tí mo sọ fún un lójú bàbá rẹ, ojú kò tì í. Ó ní, "Màmá, ẹ káàárọ̀ o. Ìbéèrè kékeré kan ni. Tí èèyàn bá ní àkáǹtì kan, tí pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ kàn yí padà, tí wọ́n sì ti yọ gbogbo kọ̀ǹpútà kúrò lára rẹ̀, báwo ni èèyàn ṣe lè wọlé?" Mo ní, "Àkáǹtì ta ni?" Ó ní, "Ọmọ yín ò gbé fóònù mi mọ́."

Lẹ́tà mi kò tíì kúrò nílé. Kò sí ẹni tó sọ fún ọ pé kí o yí i padà. Mo wá ka ohun tí wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà kọ fún un, pé tó bá bàjẹ́, kò sí ẹni tó lè pè, òun fúnra rẹ̀ ni yóò tún un ṣe. Mo pa fóònù, mo sì lọ jẹun.

Mo fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí mo ti kọ ọ́ tán. Máa bọ̀ nílé lópin ọ̀sẹ̀. Apá aṣọ rẹ tó kù ti délẹ̀, àǹtí rẹ sì ní dandan ni kí òun tún ìbàdí rẹ wọ̀n, pé èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà mi kò dá òun lójú.